Má Kánjú Kì Í Jí Bó Bá Gbóná

Pásítọ̀ ń wàásù lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lọ́rì Bàbá Túnráyọ̀ sì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Pásítọ̀ bá gbé ohùn sókè, kò borí rẹ̀. Bó bá rẹ ohùn sílẹ̀, lọ́rì nìkan là ń gbọ́. Àwọn ọmọdé tó jókòó níwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Nígbà tó yá, díákónì Gbádégẹṣin dìde, ó rìn lọ bá Bàbá Túnráyọ̀ níbi tó jókòó sí, ó sì sọ fún un létí pé kó lọ pa ọkọ̀ rẹ̀.

"Díákónì, tí mo bá pa á, kò ní jí mọ́ o," ni Bàbá Túnráyọ̀ wí.

"Ẹ pa á. Ilé Ọlọ́run la wà. Yóò jí."

Bàbá Túnráyọ̀ jáde, ó pa á. Ìwàásù parí, wọ́n gba ọrẹ, wọ́n kọ orin ìkẹyìn. Bàbá Túnráyọ̀ gun ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n kò jí. Ó tún yí i. Kò jí. Díákónì Gbádégẹṣin wo ojú ọ̀run, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe jáde pẹ̀lú aṣọ funfun wọn nìyẹn, tí wọ́n ti lọ́rì láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Agbowó, kọjá ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, títí dé títì ńlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ọkọ̀ jí. Gbogbo wọn ní àdúrà ló jí i. Kì í ṣe àdúrà. Ó ti tutù ni.

Ọdún 1994 ni, ọdún tí epo ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Lọ́rì náà dàgbà ju Túnráyọ̀ lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì ni Túnráyọ̀. Epo bẹntiróòlù ló ń mu. Bàbá rẹ̀, tó wá sí Ìbàdàn láti Ṣakí, fi ń kó pákó láti ọjà pákó Bódìjà lọ sí ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ì báà jẹ́ Ring Road, ì báà jẹ́ Challenge. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ MÁ KÁNJÚ sí iwájú rẹ̀, orúkọ tí gbogbo ọjà sì fi ń pe ọkọ̀ náà nìyẹn. Láàárọ̀, Má Kánjú kò ní wàhálà. Ẹ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí. Àmọ́ bó bá ti rìn, tó gbóná, tí ẹ wá pa á, ó parí. Àfi kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi tutù. Nítorí náà, Bàbá Túnráyọ̀ kì í pa á mọ́. Bó bá ń jẹun, ọkọ̀ ń kùn. Bó bá sùn díẹ̀ lábẹ́ igi lọ́sàn-án, ọkọ̀ ń kùn. Epo tó fi ọjọ́ méjì tò fún ní ilé epo, lọ́rì á mu ún tán lójú kan tó dúró sí.

Gbogbo ẹni tó rí i ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ń ta bátìrì ní bátìrì ni. Ẹni tó ń ta pílọ́ọ̀gì ní pílọ́ọ̀gì ni. Rewáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní wáyà ni. Bàbá Túnráyọ̀ rà, ó pààrọ̀, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Fọganáísà tó ń lẹ táyà nìkan ló sọ pé òun kò mọ ohun tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ẹni tí gbogbo ẹ̀bi wá wó lé lórí ni Nùrẹ́nì. Mẹkáníìkì ni. Ó ti ń tún Má Kánjú ṣe láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ọjà pákó sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ṣe ọkọ̀ yín, ó lè má dá yín lóhùn títí yóò fi tún un ṣe tán. Òun ló kọ́kọ́ fi sípánà lé Túnráyọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó wà ní kékeré, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú pílọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n òun náà ni mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, páìpù epo Má Kánjú jò, Nùrẹ́nì fi tuntun sí i, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà sì bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Túnráyọ̀ bá a jà, ó lé e kúrò nídìí ọkọ̀. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ń lọ láti ìsọ̀ pákó kan sí òmíràn, ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé Nùrẹ́nì ti ba ọkọ̀ òun jẹ́, kí wọ́n má gbé tiwọn fún un. Àwọn awakọ̀ gbọ́ ọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ọkọ̀ kankan mọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í tún sítóòfù ṣe fún àwọn obìnrin Bódìjà kí ó lè rí nǹkan jẹ. Àwọn ọmọ ọjà sọ ọ́ ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní Mẹkáníìkì Sítóòfù. Bí kò bá rí ẹni wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́, yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ọjà náà kí oṣù tó parí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ilẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí ni pé Túnráyọ̀ náà ti fọwọ́ kan páìpù yẹn.

Túnráyọ̀ wà ní kíláàsì SS2. Ó mọ̀wé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti ra ìwé àlòkù kan nípa ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ìdajì ìwé náà ti ya, ó sì há ìdajì tó kù sórí. Bí wọ́n bá ní ìkòkò ń hó nínú ilé, á ní tamodáínámíìkì ni. Ìyá rẹ̀, tó ń ta gàrí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, máa ń bi í bóyá tamodáínámíìkì náà ni yóò bá òun sọ ìkòkò kalẹ̀. Ní ti bàbá rẹ̀, ńṣe ló ń yangàn. Ẹnjiníà ló ń pe ọmọ rẹ̀, gbogbo ọjà pákó sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí Nùrẹ́nì fi páìpù tuntun sí Má Kánjú, Ẹnjiníà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó. Páìpù náà kò wù ú rárá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, Nùrẹ́nì sì ti mú un gba ọ̀nà jíjìn, ó ta á lọ sókè bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nínú ìwé tí Túnráyọ̀ kà, gbogbo nǹkan ló tò lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí náà ó tú páìpù, ó mú un gba ọ̀nà tó kúrú, ó tẹ́ ẹ sórí sàlẹ́ńsà, irin tí èéfín ń gbà jáde, níbi tó ti jáde lára ẹ́ńjìnnì, ó sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ lójú mẹ́rin. Ó gún régé. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi Nùrẹ́nì nídìí tó fi ta á bí okùn aṣọ. Iṣẹ́ Túnráyọ̀ dára débi pé gbogbo àwọn tó wá yẹ ẹ́ńjìnnì wò lẹ́yìn náà rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é láti òkè òkun nìyẹn, ojú wọn sì fò ó.

Nínú oṣù kẹjọ, ilé ìwé wà ní ìsinmi, Túnráyọ̀ sì ń bá bàbá rẹ̀ kiri. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n kó pákó lọ sí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ring Road. Obìnrin kan jáde láti ilé kejì, ó ní ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ pa ariwo yẹn. Bàbá Túnráyọ̀ ṣàlàyé títí. Obìnrin náà kò gbọ́. Bàbá Túnráyọ̀ pa ọkọ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì lọ bá àwọn lébìrà já pákó.

Ó ku Túnráyọ̀ nìkan nídìí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ ńlá fún níbẹ̀, nítorí náà ó ṣe ohun tí ó máa ń rí lọ́wọ́ Nùrẹ́nì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì, kò gbóná. Pọ́ǹpù epo, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó kan páìpù, ó sì já ọwọ́ gbà padà, ó ki ìka bọ ẹnu. Páìpù náà gbóná bí abẹ́ ìkòkò.

Ó dúró, ó wò ó. Bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, epo ń sáré kọjá nínú páìpù, kò ráyè gbóná. Bí wọ́n bá pa á, epo dúró lójú kan lórí irin gbígbóná, ó hó, ó di oru. Pọ́ǹpù mọ bí wọ́n ṣe ń ti epo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti oru. Àfi kí gbogbo rẹ̀ tutù kí oru tó padà di epo.

Ó rẹ àkísà sínú omi, ó fi wé páìpù, ó dúró díẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Má Kánjú jí.

Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló rántí ọwọ́ tó so páìpù náà síbẹ̀, ara rẹ̀ sì tutù ju àkísà lọ. Ó tú wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kíá, ó ta páìpù padà sí ibi jíjìn tí Nùrẹ́nì ta á sí tẹ́lẹ̀, ó so ó. Kò tíì nu ọwọ́ tán tí bàbá rẹ̀ fi dé, pẹ̀lú pákó kan léjìká, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ta ló jí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó gbóná báyìí, o sì jí i? Kí ló ń ṣe é?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ: èmi ni mo gbé páìpù sórí iná, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá Nùrẹ́nì. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù méjì. Àwọn lébìrà pàápàá ti dúró, wọ́n ń retí.

"Tamodáínámíìkì ni," ni Túnráyọ̀ wí.

Bàbá rẹ̀ mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ìdí nìyẹn tó fi gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi Má Kánjú rìn yí Bódìjà ká títí tó fi gbóná dáadáa, ó gbé e sí àárín ọjà pákó, ó sì pa á. Àwọn awakọ̀ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ, torí wọ́n rò pé kí àwọn wá ti ọkọ̀ ló kàn. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí. Ó pa á, ó tún jí i. Ó ṣe é nígbà méje. Ó ra mínírà fún Ẹnjiníà, ó gbé e gun orí ìtì pákó kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ní ohun tí mẹkáníìkì ọlọ́dún mẹ́jọ kò mọ̀, ọmọ òun mọ̀ ọ́n. Àsìkò yẹn ni Nùrẹ́nì ń kọjá lọ pẹ̀lú sítóòfù kan lọ́wọ́.

"Mẹkáníìkì Sítóòfù," ni awakọ̀ kan pè é, "lọ kọ́ tamodáínámíìkì lọ́dọ̀ ọmọ kékeré o."

Nùrẹ́nì dúró. Ó wo lọ́rì, ó wo Túnráyọ̀ lórí ìtì pákó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mínírà náà gba ihò imú Túnráyọ̀ jáde.

Ní ilé, ìyá rẹ̀ ní kí ó sọ ohun tó ṣe ọkọ̀ náà fún òun ní Yorùbá. Túnráyọ̀ ní kò ní Yorùbá.

"Ohun tó bá jẹ́ òótọ́, èèyàn lè sọ ọ́ yé ẹni tó ń ta gàrí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ń bá gàrí rẹ̀ lọ.

Túnráyọ̀ pinnu pé òun yóò sọ òótọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ní ó di ọ̀tunla. Bí ó ṣe ń sún un síwájú, bẹ́ẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ń kàn. Awakọ̀ kan wá bá a nílé láago mẹ́fà àárọ̀ kí ó wá wo fèrè ọkọ̀ rẹ̀ tí kò dún mọ́. Òmíràn gbé rédíò wá. Bàbá arúgbó kan ní bóyá tamodáínámíìkì náà ló ń ṣe orúnkún òun. Gbogbo wọn kọjá lábẹ́ igi máńgòrò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Nùrẹ́nì sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Ní ọjọ́ Ajé, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Luqman dé. Píkọ́ọ̀pù ló fi ń kó àjẹkù pákó, ẹjọ́ rẹ̀ sì jọ ti Má Kánjú bí ìbejì: láàárọ̀ ó ń jí, bó bá gbóná kò jí mọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dùgbẹ̀ dé ni, ẹ́ńjìnnì gbóná. Bàbá Túnráyọ̀ wà níbẹ̀, Alhaji Hàrúnà tó jẹ́ alága àwọn onípákó wà níbẹ̀, àwọn òǹwòran sì lé ní ogún.

"Ẹnjiníà, ṣé tamo náà ni?" ni Luqman béèrè.

"Òun náà ni," ni Túnráyọ̀ wí. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣí i, ó rí i pé páìpù epo Luqman jìnnà sí sàlẹ́ńsà gan-an. Ó yẹ kí ìyẹn dá a dúró. Ó yẹ kí ó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ogún èèyàn ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Ó di páìpù náà mú, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó tún jìnnà sí i. Páìpù ti gbó. Ó dá sí méjì, epo sì ń tú jáde.

Ẹ wo ohun tí epo wíwọ́n lè fi ojú ènìyàn rí. Kò sí ẹni tó sá. Wọ́n sáré wá ni. Ẹnì kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ẹnì kan gbé ìgò, òmíràn bọ́ fìlà, ó ń fi gba epo. Luqman ń bẹ̀ wọ́n pé epo òun ni, kí wọ́n rántí òun. Àárín pákó gbígbẹ ni gbogbo eléyìí ti ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Islamiat sì ń dín àkàrà ní ìsọ̀ kẹta, igi ń jó lábẹ́ agbada rẹ̀ bùlàbùlà.

Nùrẹ́nì nìkan ló kọjú sí ibi tí iná wà. Ó sáré ti abẹ́ igi máńgòrò wá, ó bu yẹ̀pẹ̀ lé iná Ìyá Islamiat lórí, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, títí tó fi kú. Ìyá Islamiat bẹ̀rẹ̀ sí í bú u tìran-tìran, títí òórùn epo fi dé imú òun náà, ó sì dákẹ́. Nùrẹ́nì dé ìdí píkọ́ọ̀pù, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọṣẹ. Wọ́n rò pé ó fẹ́ fọwọ́ ni. Ó fi omi díẹ̀ po ọṣẹ náà bí ẹ̀kọ líle, ó fi dí ẹnu páìpù tó ń jò, epo dá. Ó ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà kúrò láàárín pákó, kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí gbogbo ibi tó tutù. Wọ́n ṣe é. Ẹni tó fi fìlà gba epo rọra dé fìlà rẹ̀ padà, ó tún ṣí i kíá.

Ìgbà tí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀ tán ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà wọ́n. Wọ́n wo pákó òsì, wọ́n wo pákó ọ̀tún.

Nùrẹ́nì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Túnráyọ̀," ni ó wí, "kí lo ṣe sí ti bàbá ẹ?"

"Tamo..." ni Túnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò bi ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí lo fọwọ́ ṣe?"

Túnráyọ̀ kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tí epo ti rẹ. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní pe òun ní Ẹnjiníà mọ́ ní ọjà yìí. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Nùrẹ́nì, ó sọ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Nùrẹ́nì, èmi ni mo ba Má Kánjú jẹ́. Ẹ ta páìpù jìnnà sí sàlẹ́ńsà, mo ní ó burẹ́wà. Mo tú u, mo so ó mọ́ orí sàlẹ́ńsà, epo wá ń hó nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo dá a padà síbi tí ẹ̀yin fi í sí. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ṣe. Ẹ̀yin lẹ ṣe é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀, mi ò sọ."



"Kí wá ni tamo yẹn?" ni Luqman béèrè.

"Ọ̀rọ̀ nípa ooru ni," ni Túnráyọ̀ wí.

"Pé nǹkan gbóná? Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

"Ohun tí mo mọ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé ó gbóná kí n tó wá," ni Luqman wí, ẹ̀rín sì bú jáde láàárín ọjà, ẹ̀rín àwọn tí iná ì bá jó.

Bàbá Túnráyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ gbá ọmọ rẹ̀ létí, ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó ti rántí ọjọ́ tí ó dúró nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún un," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Nùrẹ́nì, mo ṣẹ̀ ọ́."

Nùrẹ́nì ti wà nídìí ọkọ̀ Luqman. Ó fi páìpù mìíràn sí i, ó ní kí Luqman yí kọ́kọ́rọ́, ó sì tẹ́ etí. Ẹ́ńjìnnì fa ara rẹ̀ yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó dúró. Nùrẹ́nì ní kí Túnráyọ̀ dìde wá gbọ́. Ó ní Má Kánjú ń yí dáadáa, kò kàn rí epo mu ni. Èyí kò tilẹ̀ lágbára láti yí. Àìsàn méjèèjì jọra lẹ́nu ẹni tó ń ròyìn wọn, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó tọpa wáyà láti bátìrì lọ dé ibi tí wọ́n dè é mọ́ ara ọkọ̀. Ìdí wáyà náà ti dípẹtà. Láàárọ̀, iná ń rọ́nà gbà níbẹ̀, bó bá ti gbóná, kò rí ọ̀nà tó pọ̀ tó mọ́. Ó fi sáńpépà, bébà tí àwọn káfíńtà fi ń fá pákó, ha á títí ó fi mọ́. Ó dè é le. Luqman yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ìgbà náà ni Alhaji Hàrúnà sọ̀rọ̀. Òfin kan wà ní ọjà pákó náà: ẹni tó bá fi ẹnu ba iṣẹ́ ọmọ ọjà jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, yóò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ níwájú ẹni tó bà jẹ́. Kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ mu omi, títí yóò fi dé ìsọ̀ tó kẹ́yìn. Ìsọ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ló wà.

Bàbá Túnráyọ̀ ṣí fìlà, ó mú ọ̀nà pọ̀n, Túnráyọ̀ ń tẹ̀ lé e, Nùrẹ́nì sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìtìjú, bíi pé òun ló jẹ̀bi. Iṣẹ́ náà le ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí Bàbá Túnráyọ̀ sọ ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìsọ̀ kan, wọ́n ní ohun tí àwọn gbọ́ ni pé Nùrẹ́nì ń fa epo oníbàárà mu. Ní òmíràn, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó jí ẹ́ńjìnnì odidi gbé. Bàbá Túnráyọ̀ ní láti sẹ́ ohun tí òun kò sọ kó tó ráyè sẹ́ èyí tí òun sọ. Àwọn kan wà tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan rí, àfi ìgbà tó wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbà á gbọ́. Bàbá àgbà kan tí etí rẹ̀ di mú kí ó sọ ọ́ nígbà mẹ́ta, ó sì parí rẹ̀ pé, "Nítorí náà, Nùrẹ́nì kò dára?" Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí bàbá rẹ̀ bá ti sọ tirẹ̀ tán, Túnráyọ̀ á kúnlẹ̀, á ní: "Èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá Nùrẹ́nì." Nígbà tó fi máa kúnlẹ̀ níbi kọkànléláàádọ́ta, orúnkún rẹ̀ ti bó.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì tún bá orúnkún.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ mẹ́ta ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, Luqman ló mú méjì wá nínú wọn. Nùrẹ́nì lọ sọ fún onílẹ̀ pé òun kò lọ mọ́. Túnráyọ̀ lo ìyókù ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ Nùrẹ́nì, ó ń fi kẹrosíìnì fọ nọ́ọ̀tì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Nùrẹ́nì kò fún un ní sípánà. Kò sí ẹni tó tún pè é ní Ẹnjiníà. Àwọn ọmọ ọjà ń pè é ní Tamo, ó sì ń jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá nígbà tí Nùrẹ́nì lọ kírun. Ó bi Túnráyọ̀ léèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ òun.

"Mi ò tíì mọ̀, sà," ni Túnráyọ̀ wí.

Ọkùnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní láti Mọ́kọ́lá dé ibí, ẹni mẹ́rin ni òun ti bi, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, owó òun sì ti tán lórí ohun tí wọ́n mọ̀. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ní òun yóò dúró de Nùrẹ́nì.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ kàwé. Ìwé kò ṣe Túnráyọ̀ ní ibi kankan. Ọ̀rọ̀ tó ń fi bo ohun tí kò mọ̀ àti ohun tó ṣe mọ́lẹ̀ ló ṣe é ní ibi. Bí o kò bá mọ nǹkan, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ pé ìwọ ni, sì sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá mọ̀ gan-an, nítorí tó bá fi di ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ rẹ̀ san án fún ọ.